Ọmọ mi wà nínú òtútù Kánádà: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ṣadé (Ìjẹ̀bú-Òde):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Oṣù kẹsàn-án tó kọjá ni ọmọ mi obìnrin lọ kàwé ní Winnipeg, ní Kánádà. Títí di oṣù kọkànlá, ẹ̀rín là ń rín lórí fóònù. Àtìgbà tí òtútù ti wọlé, ẹkún ló kù. Ó ní imú òun ń dì. Ó ní kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn, nítorí kò lè dúró de bọ́ọ̀sì. Lánàá ó fi ojú fóònù rẹ̀ hàn mí, mo rí 31 lábẹ́ òdo. Mo rò pé fóònù náà ti bàjẹ́ ni.

Mo ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní Ọlọ́run tó wà pẹ̀lú Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò nínú iná, á wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú òtútù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, iná ni tiwọn." Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí. Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí tí á ràn án lọ́wọ́, ní ti ìgbàgbọ́ àti ní ti ara? Èmi ò jáde ní Nàìjíríà rí. Ọyẹ́ Ìjẹ̀bú ni òtútù tí mo mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (ní Saskatoon):
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, mà. Ọdún keje mi rèé níbí, ní Kánádà kan náà. Fóònù rẹ̀ kò bàjẹ́. Imú tó ní ó ń dì, òótọ́ ni: ìgbà tí o bá kọ́kọ́ mí afẹ́fẹ́ yẹn símú, irun inú imú á le gbagidi bí abẹ́rẹ́. Ẹkún sì ni èmi náà sun ní ọdún kìíní, èmi ọkùnrin.

Kí a tó ṣí Bíbélì, ẹ bi í ní ohun tó ń wọ̀. Mo mọ̀ pé á ti ra kóòtù kan tó rẹwà, á sì ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì òwú sábẹ́ rẹ̀. Òwú ló máa ń ṣe wá. Ó dára ní Ìjẹ̀bú torí pé ó ń fa òógùn mu, ohun kan náà ló fi burú níbí. Tó bá ti mu òógùn tán, á tutù, á sì lẹ̀ mọ́ni lára. Irun àgùntàn tàbí pọlíẹ́sítà ni kó kan ara. Súwẹ́tà tó nípọn á tẹ̀ lé e, kóòtù tí afẹ́fẹ́ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá á wá wà lókè gbogbo wọn. Bó bá wọlé tí ara rẹ̀ móoru, á lè máa bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàtà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ, nítorí bí ìbọ̀sẹ̀ méjì bá fún ẹsẹ̀ pọ̀ nínú bàtà, òtútù á tètè mú un ju ẹlẹ́yọ kan lọ.

Ní ti ìbọ̀wọ́, kó má ra èyí tó ya ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí ìka mẹ́rin jọ wà nínú àpò kan ló ń móoru. Nígbà tí mo mọ èyí ni Oníwàásù 4:11 tó yé mi, ibi tó ti ní bí ẹni méjì bá dùbúlẹ̀ pọ̀ wọn a móoru, ṣùgbọ́n báwo ni ẹnìkan ṣoṣo ṣe lè móoru? Níbi ìgbéyàwó nìkan ni mo ti máa ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kà sí i létí gan-an ni Tímótì Kejì orí 4. Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n. Ó mọ̀ pé ikú ti dé tán, òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti parí eré ìje. Lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá yẹn, ní ẹsẹ 13, ó ní kí Tímótì bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì lọ́dọ̀ Kápù bọ̀. Nígbà tó di ẹsẹ 21, ó tún ní kó sa gbogbo ipá rẹ̀ kó dé kí ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀. Àpọ́sítélì tó jí òkú dìde ní Tíróásì yẹn kan náà ló ń béèrè kóòtù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbí ló ń kó kóòtù jọ fún àlejò. Àwa Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ béèrè, ojú ń tì wá. Ẹ sọ fún un pé kó béèrè.

Ajíhìnrere (Òde-Rẹ́mọ):
Mo kí ìyá wa. Ìmọ̀ràn aṣọ dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi aṣọ rọ́pò àdúrà. Ìlú yín Ìjẹ̀bú-Òde níbẹ̀, ní 1918, nígbà tí lùkúlùkú, ìyẹn àjàkálẹ̀ àrùn influenza, ń pa èèyàn káàkiri ayé, ẹgbẹ́ àdúrà ni Joseph Sadare àti Sophia Odunlami fi dojú kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's. Wọn ò sá tọ oògùn lọ. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò Aládùúrà tí gbogbo wa ń jẹ èso rẹ̀ lónìí. Ààwẹ̀ tí ìyá ní kó gbà yẹn, kó gbà á.

Nọ́ọ̀sì (Ṣágámù):
Ẹ jọ̀ọ́ sà, kó má gba ààwẹ̀ kankan nínú òtútù yẹn báyìí. Oúnjẹ ni ara ń sun láti fi móoru. Ẹni tí kò jẹun tó sì lọ dúró ní ibùdókọ̀, ara rẹ̀ á tètè tutù. Kó jẹun kó tó jáde, kó máa fi àárọ̀ àti alẹ́ gbàdúrà nínú ilé.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì (Ìkẹ́nnẹ́):
Ajíhìnrere, ẹ káre tí ẹ rántí 1918. Òótọ́ lẹ sọ. Ìtàn yẹn kì í ṣe ìtàn kékeré, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Àwọn èèyàn yẹn kò dá gbàdúrà. Wọ́n pé jọ ni. Ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dá wà nínú yàrá, ó ti pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá sọ ààwẹ̀ lé e lórí níbi tó dá wà sí, ẹ ti fi kún ẹrù rẹ̀. N kò sì tíì gbọ́ ọ rí pé Sadare ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ aṣọ nínú ọyẹ́.

Jákọ́bù 2 ẹsẹ 15 àti 16 ni mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi. Bí arákùnrin tàbí arábìnrin kan bá wà níhòòhò, tí ẹnìkan nínú yín wá sọ fún un pé, máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ móoru, kí o sì yó, tí kò sì fún un ní nǹkan kan, èrè wo ló wà níbẹ̀? Ẹ wò ó pé òtútù ni Jákọ́bù fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í mú ara gbóná.

Ajíhìnrere (Òde-Rẹ́mọ):
Mo gbà, Dádì. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì náà, mo gbọ́. Kó jẹun. Ṣùgbọ́n kó gbàdúrà o!

Alhaja Aláṣọ (Ìjẹ̀bú-Òde):
Mùsùlùmí ni mí, ẹ má lé mi o. Òkìríkà ni mo ń tà, mo mọ kóòtù ju gbogbo yín lọ. Àwọn kóòtù òtútù yẹn máa ń wà nínú béèlì wa. Bí irú béèlì bẹ́ẹ̀ bá já sí mi lọ́wọ́ ní oṣù kẹta, àdánù ni, àfi kí n gbé e pa mọ́ títí ọyẹ́ á fi dé. Àwọn ọlọ́kadà ló ń rà á lọ́wọ́ mi. Ẹ ti rí wọn lójú ọ̀nà Ìbàdàn ní ìdájí, tí wọ́n wọ kóòtù òyìnbó tó balẹ̀ dé orúnkún, tí wọ́n wá wọ sílípáàsì sí i.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó dáa rèé, Ìyá Ṣadé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kó yí inú rẹ̀ síta. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló dáa jù, á fúyẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ á wú bí búrẹ́dì. Kó gbé e sí ojú iná kó wò ó: ibi tí ìyẹ́ ti ṣí kúrò á mọ́lẹ̀ wálawàla, ibẹ̀ ni òtútù máa gbà wọlé. Kó rí i pé aṣọ wà tó bo síìpù mọ́lẹ̀, pé rọ́bà wà ní ọrùn ọwọ́, pé ó sì gùn kọjá ìdí. Ẹ má rà á ránṣẹ́ láti ibí, owó ẹrù á ju owó aṣọ lọ. Wọ́n ní ilé ìtajà òkìríkà tiwọn lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló ti ń bọ̀ wá bá wa. Ẹ ní kí ojú má tì í. Ẹni tó bá ń yọ ṣùtì sí òkìríkà, èmi ló máa wá bá tí ọyẹ́ bá dé.

Ìyá Ṣadé (Ìjẹ̀bú-Òde):
Alhaja, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìròyìn ìsìn. Bọ̀dá Saskatoon, ẹ ṣeun. Mo ti ka ti Pọ́ọ̀lù yẹn sí i létí. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó wà nínú Bíbélì. Èmi náà, kí n má purọ́, mo ti ka orí yẹn tó ogún ìgbà, mi ò rí kóòtù níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì (Ṣágámù):
Mo padà wá. Ohun mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n èkejì ni mo máa gùn lé lórí.

Èkíní, bí ìka tàbí etí bá funfun tí kò sì mọ nǹkan kan lára mọ́, kó má fi ọwọ́ ra á, kó má gbé e súnmọ́ iná. Kó wọlé, kó rì í sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán, kó sì lọ sí ọsibítù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá mú kí òtútù rí bí 40 lábẹ́ òdo lára, ara tí aṣọ kò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10.

Èkejì ni iná èédú. Èyí kàn wá nílé níbí bó ti kàn án lọ́hùn-ún. Nínú ọyẹ́, àwọn kan máa ń gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, wọ́n á ti fèrèsé pa, wọ́n á kó ọmọ sùn. Gáàsì tó ń jáde lára èédú yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í sì í jí èèyàn kó tó pa á. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n gbé ìyá kan àti ọmọ méjì dé. Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Jòhánù 18:18 sọ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ dá iná èédú torí òtútù mú, Pétérù sì dúró tì wọ́n, ó ń yáná. Mo máa ń sọ fún àwọn aláboyún pé, ẹ wò ó, àgbàlá ni wọ́n dá a sí! (Ohun tí Pétérù wá sọ nídìí iná yẹn, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Yíyá iná pẹ̀lú ẹni tí kò fẹ́ràn Olúwa rẹ ní owó tirẹ̀.) Kí ọmọ yín wò ó bóyá ẹ̀rọ tó ń ké tí gáàsì yẹn bá wà nínú ilé ti wà níbi tó ń gbé. Bí kò bá sí, kó sọ fún onílé.

Ẹ̀kẹta, ẹkún yẹn. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Nígbà tí oòrùn bá dínkù, ọkàn àwọn kan máa ń wúwo, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ní ìtọ́jú rẹ̀. Àní àtùpà pàtàkì kan wà tí wọ́n ń jókòó sí iwájú rẹ̀ ní àárọ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú, fítámìnì D wa tún máa ń lọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí oòrùn kò ti le. Kó béèrè ní ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èlíjà náà sọ pé kí òun kú, oúnjẹ àti oorun ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún un.

Ọmọ Ìpẹru (ní Minnesota, Amẹ́ríkà):
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àpérò. Mo kàn fẹ́ fi ìtàn kan kún un.

Ọdún kejì mi níbí, sínóò bọ́ lóru. Ẹ mọ̀ pé nílé, òjò kì í dé kó má pariwo. Páànù á ti sọ fún ọ. Òjò dídì ni Bíbélì wa pe sínóò, torí náà mo ti rò pé á máa dún gbì gbì. Kò dún rárá. O kàn máa jí ni, wà á ṣí fèrèsé, ayé ti funfun, kò sì sí ẹni tó kan ìlẹ̀kùn. Sáàmù 147 ní Ó ń fi òjò dídì fúnni bí irun àgùntàn. Irun àgùntàn tọ̀nà. Nígbà tó tún wá béèrè pé ta ló lè dúró níwájú òtútù Rẹ̀, mo dáhùn nínú yàrá pé, kì í ṣe èmi.

Mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Mọ́tò mi rì sínú sínóò ní ẹnu ọ̀nà. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni táyà ń yí lójú kan. Bàbá òyìnbó kan ń gbé ní ọ̀ọ́kán mi, tí kò kí mi rí láti ọdún kan ààbọ̀. Èmi náà ò kí i mọ́, mo ti pinnu pé kò fẹ́ràn wa. Ó jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Kò sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ gbẹ́ sínóò kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà mi, ó ní bí ibẹ̀ bá dí tí mọ́tò sì ń ṣiṣẹ́, èéfín á padà wọ inú mọ́tò, á pa mí. Ohun kan náà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ. Ó wá da iyanrìn sábẹ́ táyà, ó tì mí jáde, ó wọlé lọ.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28 ni mo kà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́, wọ́n gúnlẹ̀ sí Málítà, àwọn ará erékùṣù náà tí wọn ò mọ̀ wọ́n rí dá iná fún gbogbo wọn nítorí òjò àti òtútù. Kò sí ibi tí a ti kà á pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ. Nǹkan kan sì tún wà níbẹ̀: Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ lọ ṣa igi ìdáná. Àlejò ni, ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nù lójú rẹ̀ ni, ó ṣì lọ ṣa igi. Nígbà tí sínóò tún bọ́, èmi ni mo gbẹ́ ẹnu ọ̀nà bàbá yẹn kó tó jí. Ṣadé kò ní mọ́tò, ṣùgbọ́n ó ní àwọn tó jọ ń gbé ilé. Kó ṣe nǹkan kékeré kan fún ẹnìkan níbẹ̀. Kó sì jẹ́ kí wọ́n ṣe fún òun náà.

Onígààrí (Àgọ́-Ìwòyè):
Ẹ sọ fún un kó má fi omi tútù mu gààrí o! Mo mọ àwọn ọmọ wa. Kó fi omi gbígbóná te ẹ̀bà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (ní Saskatoon):
Onígààrí, gààrí Ìjẹ̀bú kíkan pẹ̀lú ẹ̀pà, nínú ilé tí ẹ̀rọ ìmóoru ń ṣiṣẹ́, tí sínóò wà lẹ́yìn fèrèsé? Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ọ̀run ni.

Aránṣọ (Ìjẹ̀bú-Igbó):
Ìyá Ṣadé, mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná. Wọ́n ti sọ ti ọmọ, ẹnikẹ́ni ò sọ ti yín. Ọkàn ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú òtútù, òun náà ò sùn. Hánnà ni mo rántí. Ó ti fi Sámúẹ́lì sílẹ̀ ní Ṣílò. Ẹ wo 1 Sámúẹ́lì 2:19: ọdọọdún ni ó ń dá ẹ̀wù kékeré kan fún un, tó ń mú un lọ nígbà tí wọ́n bá lọ rúbọ. Aránṣọ ni mí, mo mọ ohun tó wà nínú ẹsẹ yẹn. Ọmọ ń dàgbà, obìnrin yìí ò sì rí i láti ọdún dé ọdún. Báwo ló ṣe mọ ìwọ̀n rẹ̀? Á ti máa wo ọmọ ẹlòmíì tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, á máa fojú wọ̀n ọ́n. Hánnà gbàdúrà ju gbogbo wa lọ, ó sì tún ránṣọ.

Ẹ wá nǹkan kan fi ọwọ́ ara yín ṣe fún un. Kò ní láti jẹ́ kóòtù.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì (Ìkẹ́nnẹ́):
Ìyàwó mi ní kí n sọ pé òun lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní híhun fìlà òwú onírun àgùntàn. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ láyé àtijọ́, ó ṣì ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà.

Ìyá Ṣadé (Ìjẹ̀bú-Òde):
Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi fún ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ti dé Ìkẹ́nnẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́mì fi ẹ̀bìrìpò ṣe mí lálejò, wọ́n sì tú ohun tí mo hun palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò gba gbẹ̀rẹ́.

Ṣadé ti rí kóòtù. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń lọ, ará Gánà, ló wá fi mọ́tò gbé e lọ sí ilé òkìríkà wọn. Alhaja, ó gbé e sí ojú iná bí ẹ ṣe wí, ó dá àkọ́kọ́ padà. Èyí tó rà gùn jù ú lọ, ó ń wọ́ sínóò lẹ́yìn bí aṣọ ìyàwó, ṣùgbọ́n ó ní òun ti lè dúró de bọ́ọ̀sì láì sunkún. Ó lọ sí ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Ó ṣì ń sunkún nígbà mìíràn, n kò ní tàn yín. Ó ti gba ọjọ́ tí á rí dókítà ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Ìbéèrè kan ló kù. Fìlà ti ń dé etí báyìí, Mọ́mì ní kí n mú ìwọ̀n orí wá kí wọ́n tó bá mi pa á dé. Báwo ni mo ṣe máa wọn orí ẹni tí kò sí nílé?

Aránṣọ (Ìjẹ̀bú-Igbó):
Ẹ ní kó fi okùn bàtà yí orí rẹ̀ po lókè etí, kó wá fi okùn náà lé orí rúlà, kó fi nọ́ńbà tó bá rí ránṣẹ́. Kó sọ bóyá ó di irun tàbí kò di irun.

Ìyá Ṣadé (Ìjẹ̀bú-Òde):
Ó ti fi ránṣẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 58, kò di irun. Orí bàbá rẹ̀ ló gbé. Mo tún máa ra òwú sí i.